Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré lórí ọ̀sà Ìkòròdú: kí ni kí n ṣe kí n tó gbé àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀?

Ọmọ Báyékù (Ìkòròdú) béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ omi nínú ìjókòó yìí. Mo ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan ní àlòkù, èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Ìgbòkun méjì ni ó ní, òpó rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, pátákó àárín tí à ń tì wọ inú omi kí ọkọ̀ má bàa máa fẹ̀gbẹ́ lọ ṣì dára, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ náà sì ṣì le. Ẹ̀bá ọ̀sà ni mo dàgbà sí, mo sì lè wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n n kò fi afẹ́fẹ́ nìkan rìn lójú omi rí.

Ìgbádùn lásán ni mo rà á fún, kì í ṣe òwò. Mo fẹ́ máa gbé àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún 15 àti ọmọ ọdún 11, jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Èrò mi sì ni pé nígbà tí ó bá máa fi di ọdún Kérésì, a ó lè bá omi láti Báyékù dé Ẹ̀pẹ́ lọ kí àwọn àna mi. Àwọn ọmọ méjèèjì ló mọ̀wẹ̀. Àwọn oṣù wo ni ó yẹ kí n ṣọ́ra fún? Kí ni kí n ṣe bí ìjì bá ká wa mọ́ ojú agbami? Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí ọmọ tí ó mọ̀wẹ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ooru yìí? Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, báwo ni ènìyàn mẹ́ta ṣe ń gbé e dìde? Ìyàwó mi ní òun kò ní fọwọ́ sí i títí òun yóò fi rí ìdáhùn kà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Bàbá Atukọ̀ (Ẹ̀pẹ́) dáhùn:

Ọmọ mi, oríire ni o, Olúwa yóò jẹ́ kí o fi ọkọ̀ náà rìnnà ire. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló kọ mí lóminú jù lọ nínú gbogbo ohun tí o kọ. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Bí o bá ta ìgbòkun ní Báyékù tí o sì dorí kọ Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ yóò ti máa tì ọ́ lọ, ọkọ̀ yóò máa sáré, àwọn ọmọ yóò máa rẹ́rìn-ín, ìwọ alára yóò sì rò pé iṣẹ́ náà ti mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìgbà tí o bá yíjú padà sílé ni o óò tó mọ bí afẹ́fẹ́ yẹn ti lágbára tó. Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tí ó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà kí ó sì rìn. Yóò fi apá ọ̀tún gbà á, yóò yí, yóò fi apá òsì gbà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rìn kọ́lọkọ̀lọ títí, tí ìrìn wákàtí kan tí o fi lọ yóò fi di wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àbọ̀, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo yín. Ní ìgbà ọyẹ́, èyí tí Kérésì bọ́ sí, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lè máa bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn kí ti òkun sì gba ipò rẹ̀ ní ọ̀sán, eruku ọyẹ́ sì lè bo etí omi kejì débi tí o kò fi ní mọ ibi tí o wà. Fi ìrìn Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Mọ́tò wà fún ọ̀rọ̀ àna.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kí ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa lọ, nígbà tí ara ṣì le, kí afẹ́fẹ́ lè sìn ín dé ilé. Ó bọ́ sí i fún ọ pé àríwá ọ̀sà ni Ìkòròdú wà, nítorí náà afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ yóò máa gbá ọ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Níbi tí ọ̀sà Èkó bá ti fẹ̀ jù, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 13, gbogbo ìgbì tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán bá sì kó jọ láti òdìkejì, etí tiyín ni yóò wá fọ́ sí. Omi tí kò jìn kì í ru bí òkun ti ń ru. Ìgbì rẹ̀ ga, àárín ọ̀kan sí èkejì kúrú, ó sì ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá, tí ọkọ̀ kékeré kò fi ní ráyè gbéra lórí ọ̀kan kí èkejì tó dà sí i nínú. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa jáde, kí ẹ sì ti wà ní etí omi kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó le.

Ọ̀rọ̀ ìjì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà. Ìjì tí ó ń dojú ọkọ̀ dé lọ́dọ̀ wa kì í wá láti ibi tí afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wá. Ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Ẹrẹ́nà dé oṣù Ẹ̀bìbí, àti ní ìparí rẹ̀, láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ dé oṣù Bélú. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ tí ó kọjú sí òkun kò ní rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti yọ. Ojú ọ̀run yóò ṣú ní ìhà ìlà-oòrùn, etí ìṣúdẹ̀dẹ̀ náà yóò sì tẹ̀ bí ọrun. Lẹ́yìn èyí ni afẹ́fẹ́ òkun yóò rọlẹ̀, ìgbòkun yóò sọ̀, omi yóò sì pa rọ́rọ́. Àwọn tí kò mọ̀ a máa rò pé afẹ́fẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn àti atẹ́gùn tútù tí yóò já lu ọkọ̀ láti òdìkejì, òjò yóò sì tẹ̀lé e débi tí o kò ní rí imú ọkọ̀ ara rẹ.

Nítorí náà, nígbà tí omi bá pa rọ́rọ́ tí ìlà-oòrùn sì dúdú, má ṣe ká ìgbòkun kù ní ìdajì. Sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, kí o sì fi okùn dì í mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa tú u. Ju ìdákọ̀ró láti iwájú ọkọ̀, kí imú ọkọ̀ lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́, kí gbogbo yín sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe sí etí rẹ̀. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbi púpọ̀, òkúta tí a so mọ́ okùn kò sì lè di ẹrẹ̀ mú. Ìdákọ̀ró oníyẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ méjì ni kí o wá rà. Bí omi bá jìn ní mítà 3, tí imú ọkọ̀ sì fi mítà 1 ga ju omi lọ, mítà 4 nìyẹn. Ìlọ́po méje rẹ̀ ni kí o fi okùn sílẹ̀, ìyẹn mítà 28. Okùn kúkúrú á máa fa ìdákọ̀ró sókè ni, kò ní jẹ́ kí ó rìn wọ inú ẹrẹ̀. Sì rí i dájú pé o ti so ìdí okùn mọ́ ọkọ̀ kí o tó ju orí rẹ̀ sómi; ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ.

Mànàmáná pẹ̀lú: òpó rẹ ni ohun tí ó ga jù lójú omi gbalasa. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ tí o sì gbọ́ ààrá kí o tó ka 30, ó ti sún mọ́ ju ohun tí ó yẹ lọ, ó sì ti yẹ kí o wà lórí ilẹ̀. Kí o tó jáde rárá, wo àsọtẹ́lẹ̀ ti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, lórí fóònù rẹ, kí o sì tún béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ojú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí àwọn apẹja bá kọ̀ tí wọn kò jáde, má ṣe jáde.

Olùkọ́ Ìgbòkun (Àgbádárìgì) dáhùn:

Bàbá Atukọ̀, ẹ ṣeun, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa ọkọ̀ ìgbòkun níhìn-ín, lórí omi wa tí ó tóóró tí kò sì ní ẹnu tààrà sí òkun, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀wù àti ọ̀rọ̀ ìdojúdé ni n ó mú.

Ọmọ Báyékù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìbéèrè bóyá ọmọ mọ̀wẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun ni ó máa ń ṣe ènìyàn léṣe jù nínú ọkọ̀ kékeré: bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn tí ìtọ́kọ̀ sì yà díẹ̀, ọ̀pá náà yóò fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní ìṣẹ́jú àáyá, orí ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò sì bá. Ẹni tí ọ̀pá bá gbá lórí tí ó sì dákú kì í wẹ̀. Ẹni tí okùn bá wé lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ìgbòkun kì í wẹ̀. Àgbàlagbà tí ó mọ̀wẹ̀ dáadáa pàápàá, bí ó bá ti fi ṣòkòtò jíǹsì àti bàtà jà fún ogún ìṣẹ́jú láti gbé ọkọ̀ dìde, yóò mọ̀ pé ìwẹ̀ odò àti ìwẹ̀ agbami kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara ni kí ẹ̀wù wà, kí a dè é, láti èbúté títí a ó fi padà dé èbúté. Ooru kò pa ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ gbé omi mímu tí ó tó dání.

Ẹ̀wù náà pàápàá ní ìyàtọ̀. Ẹ wo àkọlé inú rẹ̀: ẹ ó rí nọ́ńbà kan àti lẹ́tà N, èyí tí ń sọ agbára tí ó fi ń gbé ènìyàn léfòó. Èyí tí ó jẹ́ 50 N wà fún ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Kì í yí ẹni tí ó dákú sẹ́yìn kí imú rẹ̀ lè kọjú sókè. Èyí tí ó jẹ́ 100 N ni wọ́n ṣe láti máa yí ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí omi tí kò ru jù, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀. Èyí tí ó jẹ́ 150 N wà fún ojú òkun. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń yàn án, kì í ṣe ọjọ́ orí, ẹ má sì ra èyí tí ó tóbi nítorí pé ọmọ yóò dàgbà sí i. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ de ìgbànú rẹ̀, ẹ mú èjìká ẹ̀wù náà kí ẹ sì gbé e sókè. Bí àgbọ̀n ọmọ bá bọ́ sínú ẹ̀wù tàbí tí ẹ̀wù gun etí rẹ̀, kò bá a mu. Okùn tí ó ń gba ìdí kọjá ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́ sókè nínú omi; bí ti ọmọ yín kò bá ní i, ẹ wá èyí tí ó ní i.

Ẹ̀wù tí wọ́n ń tà lójú pópó ń kọ́? Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò gbọ́. Ẹ so òṣùwọ̀n irin kílò 8 mọ́ ẹ̀wù àgbàlagbà tí wọ́n pè ní 100 N, kí ẹ gbé e sínú dírọ́ọ̀mù omi títí di ọjọ́ kejì. Ó yẹ kí ó ṣì máa léfòó pẹ̀lú irin yẹn, nítorí pé 10 N tó gbígbé nǹkan bíi kílò kan. Èyí tí ó bá rì ti mu omi, tàbí kí fóòmù inú rẹ̀ má jẹ́ ojúlówó; ẹ gé e kí ẹlòmíràn má bàa mú un lò. Oòrùn náà ń pa aṣọ rẹ̀, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí ọkọ̀.

Ó kan ìdojúdé. Kí ọkọ̀ tó wọ omi rárá, ẹ ṣàyẹ̀wò àwọn àpótí afẹ́fẹ́ tí ó wà lábẹ́ ìjókòó àti níwájú ọkọ̀, nítorí àwọn ni kì í jẹ́ kí ó rì. Ẹ dé gbogbo ihò ìdominù rẹ̀ pa. Ọkọ̀ àlòkù a máa sán níbi tí ojú kò tó; ẹ tì í sómi ní etí ilẹ̀, ẹ da omi kún inú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ṣì ń léfòó lẹ́yìn wákàtí kan. Èyí tí kò bá kọjá ìdánwò yìí kò tíì di ọkọ̀ tí ọmọ ń wọ̀.

Bí ó bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ ara yín títí gbogbo yín yóò fi dáhùn. Ẹ má ṣe wẹ̀ lọ sí etí omi, bí ó ti wù kí ó dà bí ẹni pé ó sún mọ́. Ọkọ̀ tí ó dojú dé ni ohun tí ó tóbi jù tí àwọn olùgbàlà lè rí, orí ènìyàn kan ṣoṣo kò sì ṣeé rí láàárín ìgbì. Ẹ tú okùn tí ó ń fa ìgbòkun kí ó lè máa sọ̀, nítorí bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dìde pẹ̀lú ìgbòkun tí ó há, yóò tún ṣubú sí apá kejì tàbí kí ó sáré fi yín sílẹ̀. Kí ọmọ ọdún 15 wẹ̀ lọ sí iwájú, kí ó di imú ọkọ̀ mú kí ó lè kọjú sí afẹ́fẹ́. Kí ẹ̀yin gun pátákó àárín, ní ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti jáde láti ara ọkọ̀, kí ẹ di etí ọkọ̀ mú, kí ẹ sì fara tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dìde. Ọmọ ọdún 11 ni kí ó dúró sí ìhà inú ọkọ̀, kí ó di okùn kan mú, kí ọkọ̀ lè gbá a sínú bí ó ti ń dìde; òun náà ni yóò kọ́kọ́ mú igbá ìgbọ́nmi, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ti fi okùn so mọ́ ọkọ̀.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn ará ìlú omi jíjìn kì í fẹnu bà tó, tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí wa: ọ̀sà wa kò jìn, nítorí náà bí ọkọ̀ bá dojú dé pátápátá, orí òpó lè gún ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó sì há síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ipá fà á yóò tẹ òpó náà. Ẹ fi ara tẹ pátákó díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìgbì bá yín ṣe é. Kí ó má bàa dé ibẹ̀ rárá, ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà 10 tí ẹ ti dé pinpin mọ́ orí òpó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ń kọ́ ọ. Kò lẹ́wà, àwọn ọmọ yín yóò sì tijú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dá ọkọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kí ó má lè yí dé ìsàlẹ̀.

Ọmọ Báyékù (Ìkòròdú):

Bàbá, Olùkọ́, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti fi ìrìn Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, ìyàwó mi sì ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè tí ó kù fún mi kò pọ̀. Àwọn ọkọ̀ èrò ń sáré kọjá níwájú wa ní gbogbo ìgbà, àwọn awayanrìn náà wà pẹ̀lú ìgbòkun ńlá wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja; ta ni ó yẹ kí ó yà fún ta ni? Ǹjẹ́ ó yẹ kí n so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀ náà? Èwo sì ni òfin nínú gbogbo rẹ̀?

Arìnnà-Ọ̀sà (Ìkòròdú) dáhùn:

Ẹ kú ìjókòó o. Ọkọ̀ èrò ni mò ń wà, nítorí náà n ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Òfin ojú omi ti àgbáyé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1972, sọ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni yóò yà fún ọkọ̀ ìgbòkun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ yín gbé òtítọ́ yẹn. Òfin kan náà sọ pé ní ojú ọ̀nà tóóró, ọkọ̀ ìgbòkun àti ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 20 kò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ tí kò ní ibòmíràn tí ó lè gbà. Bí ẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ míràn tí ẹ fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò yà, kódà bí ẹ bá ń lo ìgbòkun. Ọkọ̀ tí ó sì ń pẹja pẹ̀lú àwọ̀n, ẹ̀yin ni ẹ óò yà fún un. Láàárín ọkọ̀ ìgbòkun méjì, ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ̀ ni yóò yà fún ẹni tí ó ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ apá kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gbà á, ẹni tí ó wà ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni yóò yà. Àwọn awayanrìn kò ka ìwé òfin yìí. Ọkọ̀ wọn ti kún dé etí nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kò sì lè yà kíákíá, nítorí náà, ohunkóhun tí ìwé bá wí, ẹ fún wọn láyè, kí ẹ sì yà ní kùtùkùtù kí wọ́n lè rí i pé ẹ ti yà. Yíyà díẹ̀díẹ̀ tí àwọn awakọ̀ tuntun máa ń yà ni kì í jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ìgbì tí ọkọ̀ wa ń fà sẹ́yìn a máa da omi sínú ọkọ̀ kékeré. Ẹ má ṣe fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, ẹ fi imú ọkọ̀ gé e ní ìdábùú díẹ̀, kí àwọn ọmọ sì di ọkọ̀ mú. Òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni ọkọ̀ èrò pọ̀ jù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀nà náà fúyẹ́.

Ohun mẹ́ta ni ó wà lójú omi tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ní pàtó. Èkíní ni gẹdú: àwọn ìtì igi tí wọ́n ń so pọ̀ wọ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ pákó, tí ọ̀kan nínú wọn a máa já, a sì máa léfòó ní ìdajì, tí ojú kò fi ní tètè rí i. Èkejì ni òpó àwọ̀n àti ìgèrè. Ìgò ike tí ó ń léfòó kì í sábà jẹ́ pàǹtí, àmì àwọ̀n ni, ó sì lè mú pátákó àárín yín dúró lójijì. Koríko omi tí ó kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa ní 1984 náà a máa bò wọ́n ní ìgbà òjò, tí omi iyọ̀ kò fi ní lágbára láti pa á; bí ẹ bá wọ inú rẹ̀, ẹ fa pátákó àti ìtọ́kọ̀ sókè, kí ẹ fi àjẹ̀ tu ara yín jáde. Ẹ̀kẹta, òun ni mo kà sí jù, ni wáyà iná ńlá tí ó gba orí ọ̀sà kọjá láti Ẹgbin lọ sí ìhà Ajah. Òpó alumíníọ̀mù àti wáyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kò sì pọn dandan kí wọ́n fara kan ara wọn kí iná tó fò. Kí ẹ tó gbé òpó dìde ní etí omi pàápàá, ẹ wo òkè, nítorí wáyà àdúgbò pọ̀ lẹ́bàá èbúté.

Ní ti òfin ìlú, ọ́fíìsì NIWA, àjọ ojú omi ti ìjọba àpapọ̀, àti ti LASWA, àjọ ojú omi ti ìpínlẹ̀ Èkó, ni kí ẹ lọ bá lórí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀wù ìléfòó jẹ́ dandan, ìrìn òru sì jẹ́ èèwọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767. Kí fóònù wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, lára ènìyàn, kì í ṣe nínú báàgì lábẹ́ ìjókòó, kí fèrè kọ̀ọ̀kan sì wà lára ẹ̀wù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìyàwó yín: ibi tí ẹ ń lọ, iye ènìyàn, àwọ̀ ìgbòkun, àti aago tí ẹ óò dé, kí ẹ sì fẹnu kò lórí aago tí yóò pe nọ́ńbà yẹn bí kò bá tíì gbúròó yín. Aago yẹn ni àwọn ènìyàn kì í dá, tí olúkúlùkù á sì máa dúró wo ojú ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ́ńjìnnì? Bẹ́ẹ̀ ni o, kékeré, agbára ẹṣin 2 tàbí 3. Ẹ so okùn ìpaná rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó ń wà á kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ó bá já sómi. Ẹ pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò retí.

Bàbá Atukọ̀ (Ẹ̀pẹ́):

Arìnnà-Ọ̀sà, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, àyàfi ti ẹ́ńjìnnì ni èmi kò gbà. Ẹni tí ó bá ní ẹ́ńjìnnì a máa pẹ́ lójú omi, nítorí ó gbà pé òun yóò fà á dé ilé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọn kì í sábà lò, epo inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́ ní ọjọ́ tí wọn yóò nílò rẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń wúwo ní ìdí ọkọ̀ tí ó sì ń jẹ́ kí omi gba ẹ̀yìn wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó mú àjẹ̀ méjì dání, kí ó má sì jìnnà sí etí omi ju ibi tí òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà lè fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ náà padà. Bí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìyẹn dé, kí wọ́n dán an wò ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀.

Olùkọ́ Ìgbòkun (Àgbádárìgì):

Mo wà lẹ́yìn Bàbá lórí àjẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ mo fara mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí ẹ bá ń tan án ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde.

Ọmọ Báyékù, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí n kò tíì mẹ́nu bà kún un: bí ẹnì kan bá já sómi tí ọkọ̀ kò sì dojú dé. Ẹnì kan kò ní iṣẹ́ míràn ju kí ó na ìka sí ẹni tí ó wà nínú omi, kí ó má gbójú kúrò lára rẹ̀ rárá. Ẹ ju ohun tí ó ń léfòó sí i. Ẹ wa ọkọ̀ lọ díẹ̀, ẹ yí padà, kí ẹ sì bọ̀ wá bá a kí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ̀ láti iwájú, pẹ̀lú okùn ìgbòkun tí ẹ ti tú, kí ọkọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kí ẹ ti fà á wọlé, ní àárín ọkọ̀, kí ọkọ̀ má bàa gorí rẹ̀. Baba tí ó bá fò sómi tẹ̀lé ọmọ yóò fi ọmọ kejì sílẹ̀ nìkan nínú ọkọ̀ tí kò lè wà, nítorí náà ẹ kọ́ ọmọ ọdún 15 ní ohun gbogbo tí ẹ bá mọ̀, kí ó lè padà wá gbé ẹ̀yin náà.

Ní ti bí ẹ óò ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde láìmú ọmọ dání, pẹ̀lú ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n, ní òwúrọ̀, nítòsí Báyékù, kí apẹja kan tí ẹ bá sọ̀rọ̀ wà nítòsí pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ náà dé níbi tí omi ti tó ọrùn, kí ẹ sì gbé e dìde títí kò fi ní dẹ́rù bà yín mọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú ọmọ àgbà, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ kékeré ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣe tán láti ṣe ìdánwò irin kílò 8 yẹn, ẹ kọ èsì rẹ̀ síbí, pàápàá bí ẹ̀wù náà bá rì, kí àwọn tí ó ń ra ti ọmọ tiwọn lè mọ irú èyí tí wọn yóò yẹra fún.